Bí Awakọ̀ Bàálù Bá Sọ Pé Ó Ti Rẹ Òun

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ ọlọ́lá ni iṣẹ́ awakọ̀ bàálù. Bí ọmọ ẹni bá wọ aṣọ tí a fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí lápá, tí ó dé fìlà, tí ó sì ń wọ́ àpótí kékeré tẹ̀lé ara rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ara ìyá rẹ̀ a yá gágá, bàbá rẹ̀ a sì ka ọmọ náà kún ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ohun tí ojú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ń rí lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ kì í hàn sí èrò tí ó jókòó lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, wọ́n a sì máa tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kano, ní Jos àti ní Kàdúná, tí ẹ ń wọ ọkọ̀ alẹ́ lọ sílé nígbà ọdún, ẹ mọ ohun tí àárẹ̀ dẹ́rẹ́bà lè fà. Bí dẹ́rẹ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, ẹni tí ó jókòó níwájú yóò máa bá a tàkúrọ̀sọ, ẹlòmíràn yóò fún un ní obì jẹ. Bí ó bá burú tán, gbogbo èrò yóò pariwo pé kí ó páàkì, kí ó fi omi bọ́jú, kí ó sùn díẹ̀. Nínú bàálù, kò sí èrò tí yóò mọ̀ pé awakọ̀ ń tòògbé. Awakọ̀ nìkan ni ó lè sọ pé ó ti rẹ òun, kí bàálù tó gbéra. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ó bá sọ ọ́, kí ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó dá awuyewuye sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, bàálù kan tí ó ń ti Newark lọ sí Buffalo já lu ilé kan ní Clarence Center, ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó balẹ̀. Ènìyàn 49 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, kò ku ẹyọ kan. Ẹnì kan tún kú nínú ilé tí ó já lù, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 50. Orúkọ Continental ni ó wà lára bàálù náà, òun náà ni ó sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn èrò rà. Ṣùgbọ́n Continental kọ́ ni ó gba àwọn awakọ̀ rẹ̀ síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí a ń pè ní Colgan Air ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, gẹ́gẹ́ bí kọngílá ti í gba iṣẹ́ ọ̀nà tí ó sì tún pín in fún ẹlòmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ní orúkọ, ilé-iṣẹ́ kékeré ni ó ní ìnira, nítorí pé bí kò bá dín owó òṣìṣẹ́ kù, ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ tí ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2010. Wọ́n ní bàálù náà ti ń falẹ̀ jù. Ọ̀pá ìdarí gbọ̀n rìrì láti kìlọ̀ fún ọ̀gá awakọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ bàálù náà mọ́ láìpẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó tẹ ọ̀pá náà síwájú, kí imú bàálù lè dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀, kí eré rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ó fà á sẹ́yìn dípò bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀bi náà kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, inú àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ìbá dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹ̀rí ní gbangba ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ìgbésí ayé àwọn awakọ̀ méjèèjì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn la ẹnu sílẹ̀. Igbákejì awakọ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 24. Newark ni wọ́n ní kí ó ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní etí òkun ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀bá Seattle ni ó ń gbé, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, ní ilé àwọn òbí rẹ̀. Ní òru tí ó ṣáájú ìjàm̀bá náà, inú bàálù akẹ́rù ni ó wọ̀ láti Seattle dé Memphis, ó sì tún wọ òmíràn láti Memphis dé Newark. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó gúnlẹ̀. Ọ̀fìnkìn ń bá a jà. Iye tí ilé-iṣẹ́ ń san fún un lọ́dún kan kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 16 dọ́là lọ. Ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ háyà ilé lẹ́bàá New York? Ọ̀gá awakọ̀ pẹ̀lú, ìpínlẹ̀ Florida ni ilé rẹ̀ wà. Inú yàrá òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ Newark ni ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ òfin ilé-iṣẹ́ náà sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun oorun alẹ́ nínú yàrá yẹn.

Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú bàálù jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ti ronú láti sọ pé ara òun kò yá. Ìṣirò tí ó ṣe ni pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Newark, àpò ara òun ni òun yóò ti san owó òtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà ó wọlé, ó jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ ti bá iṣẹ́ àwọn méjèèjì jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí bí wọ́n ṣe lè wọn ìwọ̀n rẹ̀.

Òdodo ni pé àwọn aláṣẹ náà ní àwíjàre. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó fi ipá mú awakọ̀ láti máa gbé ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní láti ọdún 1978 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti yọwọ́ nínú ètò iye owó ọkọ̀ òfurufú, tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni èrò ń wá, àti pé lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni gbèsè dé lọ́rùn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń san owó akọ́ṣẹ́ fún, tí a sì ní kí ó gbé ẹ̀mí ènìyàn 49 dání nínú yìnyín, a kò lè wí pé òun ni ó fúnra rẹ̀ yan àárẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó ní ẹjọ́ láti rò. Ọjọ́ 28 ṣáájú ìjàm̀bá Buffalo, Chesley Sullenberger gbé bàálù US Airways kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì ti kú lé orí odò Hudson ní New York, ènìyàn 155 sì jáde láàyè. Gbogbo ayé ni ó kí i kú iṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ó wá síwájú àwọn aṣòfin ní Washington. Ó sọ fún wọn pé wọ́n ti gé owó oṣù òun lulẹ̀ ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ti fagi lé owó ìfẹ̀yìntì òun, wọ́n fi èyí tí kò tó nǹkan rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun kò mọ awakọ̀ kan ṣoṣo tí ó fẹ́ kí ọmọ òun jogún iṣẹ́ náà. Akọni tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ni ó ń sọ èyí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláròyé.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn Nigeria Airways pa ní ọdún 2003, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ni ó lọ sílé láìrí ẹ̀tọ́ wọn gbà tán. Ọdún 2018 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san apá kan nínú rẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú kí ọjọ́ náà tó pé.

Àwọn ẹbí àwọn tí ó kú ní Buffalo kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n ń lọ sí Washington lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n gbé àwòrán òkú wọn dání, wọ́n ń jókòó síbi tí àwọn aṣòfin ti ń ṣe ìpàdé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2010, Ààrẹ Obama tọwọ́ bọ ìwé òfin tuntun. Kí òfin náà tó dé, ẹni tí ó ti fi wákàtí 250 wa bàálù lè di igbákejì awakọ̀. Òfin náà sọ ọ́ di 1,500, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a dín in kù fún àwọn tí ó ti iṣẹ́ ológun tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wá. Ó tún pàṣẹ pé kí àjọ tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ṣe ètò tuntun lórí ìsinmi. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014: wákàtí 10 ni ìsinmi awakọ̀ kí ó tó wá sẹ́nu iṣẹ́, àyè oorun wákàtí 8 sì gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ yóò fọwọ́ sí i kí bàálù tó gbéra pé ara òun le fún iṣẹ́. Bí ó bá ní ó ti rẹ òun jù, ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú un wa bàálù.

Ti owó oṣù, òfin kọ́ ni ó tún un ṣe. Awakọ̀ ni ó wọ́n. Ní ọdún 2022, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò rí ẹni gbà síṣẹ́ mọ́, mẹ́ta nínú àwọn tí ó wà lábẹ́ American Airlines gbé owó igbákejì awakọ̀ tuntun dé 90 dọ́là fún wákàtí kan nínú òfurufú. Owó tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kò sí, ó wá jáde.

Àwọn kan wà tí ètò ìsinmi náà kò kàn rárá. Àwọn awakọ̀ bàálù akẹ́rù ni. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, àjọ ìrìnnà òfurufú yọ wọ́n kúrò, ó ní iye tí yóò ná àwọn ilé-iṣẹ́ ẹrù pọ̀ ju àǹfààní tí a ó rí nínú rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ UPS gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ní ìdájí ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, bàálù UPS kan tí ó ń bọ̀ láti Louisville já lulẹ̀ lẹ́bàá pápákọ̀ Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀gá awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀, wọ́n sì kú. Àwọn olùwádìí ní wọn kò tẹ̀lé ìlànà ìbalẹ̀ bí ó ti yẹ, àti pé àárẹ̀ wà nínú ohun tí ó fà á. Wọ́n ní igbákejì pàápàá kò lo àkókò ìsinmi rẹ̀ dáradára. Nígbà tí wọ́n tẹ́tí sí ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, wọ́n gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ kí bàálù tó gbéra ní Louisville. Ọ̀rọ̀ ètò ìsinmi tuntun náà ni wọ́n ń sọ, àti ìdí tí kò fi kan àwọn.