Tíṣà Físíìsì Yìnbọn fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún 46 ni mí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí mi, ní Òkè-Ṣọpẹ̀n, láàrin àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tí ń la pákó àti àwọn ọdẹ. Síbẹ̀ n kò fọwọ́ kan ìbọn rí títí di ọjọ́ Sátidé kan báyìí nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti ya ọ̀nà tí ọta ń gbà fò sí ojú pátákó dúdú títí tí ṣọ́ọ̀kì fi tán lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọta gan-an, n kò rí i kí ó fò rí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kí wọ́n tó bí mi ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin, èyí tí wọ́n bí tẹ̀lé wọn gan-an, ti bá ìbọn lọ nínú ìgbẹ́ òru. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó yìn ín. Àwọn méjèèjì ló so iná mọ́rí. Ọ̀rẹ́ rí ohun kan tí ń tàn lẹ́yìn ewé bí ojú ẹtu, kò sì dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti kọ ìbọn fún gbogbo ọmọ wọn. Wọ́n ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ń fẹ́ ẹran ìgbẹ́, kí ó lọ rà á lẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀kan ń la pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èkejì, ọmọ Ìwopin ni, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ó wá kàwé sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí a ṣì ń pe yunifásítì náà ní ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n tó fi orúkọ Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ pè é ní 2001, kò sì padà sílé mọ́. Àwọn méjèèjì ní ìtìjú ni kí ẹni tí kò rí èso rí máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí èso ṣe ń jábọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbà, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ìyá mi.

Bàbá Ọdẹ ni wọ́n mú mi lọ bá, ẹ̀gbọ́n bàbá alápákó. Bàbá kò kọ́kọ́ fi ìbọn hàn mí o. Ìwé àṣẹ wọn ni wọ́n yọ jáde láti inú ọ̀rá, wọ́n ní kí n kà á sókè. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ṣakabùlà kò ní òfin. Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ṣì wà lórí wa títí di òní. Kò sí ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu tí ènìyàn lè ní láìgba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé náà, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Nígbà tí mo ka ti ọ̀mùtí fún Bàbá, wọ́n yíjú sí ọmọ Ìwopin. Ìgò ògógóró kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bàbá gbà á, wọ́n tì í mọ́ inú bùútù ọkọ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara wọn.

Àmì la lọ yìn, kì í ṣe ẹran. Mo bi Bàbá léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yìn lọ dá ẹranko lóró, àti pé ẹran wo ló tilẹ̀ kù? Igbó Ọba Ọmọ tí a ń pè ní J4, èyí tí ó tóbi tó 1,300 kìlómítà níbùú lóròó, tí UNESCO sì ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé láti 1977, kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ ni ìjọba fi gbin igi gmelina tí wọ́n ní wọn yóò fi ṣe ìwé ní ilé-iṣẹ́ Ìwopin. Ọmọ Ìwopin kérora nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ náà dùn ún ju ògógóró lọ. Erin díẹ̀ ṣì wà nínú igbó náà, àwọn tí ìjọba àti àwọn olùtọ́jú igbó fi ṣọ́ wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré. Akíka pàápàá, láti 2017 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti ka òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì léèwọ̀.

Ibi tí wọ́n ti wa yanrìn pupa tẹ́lẹ̀ la lọ. Ògiri ilẹ̀ ga lẹ́yìn rẹ̀ bí ilé alájà kan, kí ọta má baà rí ọ̀nà kọjá. A gbá ewé gbígbẹ kúrò, a gbé garawa omi sílẹ̀ nítorí iná. Alápákó gbé èèpá pákó dúró, ó fi èédú ya òbìrìkítí kan tí ó tó ẹnu abọ́ sí i lára, ó sì ka ìṣísẹ̀ 25 padà sọ́dọ̀ wa. Ó tó bí 20 mítà.

Kíki ìbọn nìkan, iṣẹ́ ni. Ìwo kékeré ni Bàbá fi ń wọn ẹ̀tù. Wọn kì í da ẹ̀tù láti inú agolo sínú ìbọn tààrà, nítorí bí ẹ̀ṣẹ́ná bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ó dún kẹ́yìn, agolo yóò gbiná lọ́wọ́ ẹni. Lẹ́yìn ẹ̀tù ni òwú, lẹ́yìn òwú ni ọta, kí a tó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀tù díẹ̀ sì ń wà nínú àwo kékeré létí ìbọn, níbi tí òkúta yóò ti ṣáná. Mo wo aago mi: Bàbá ṣe é tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èmi lo ju mẹ́ta lọ. Mo wá rántí Ìmàgbọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún 1892, irú ìbọn yìí wà lára ohun tí àwọn bàbá wa gbé dìde sí Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn Maxim tí Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sì ń yọ ọta bí 600 ní ìṣẹ́jú kan. Láti ọ̀dọ̀ òyìnbó náà ni ṣakabùlà ti kọ́kọ́ wá. Wọ́n fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pè é, àwọn tí wọ́n ní ilé olódi ní Àkrá títí di 1850 tí wọ́n tà á fún Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá dán ojú mi wò. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nínú ilé. Ẹ na apá, ẹ gbé àtàǹpàkò sókè kí ó bo ohun kan lókèèrè, kí ẹ la ojú méjèèjì. Ẹ wá di ojú òsì. Bí àtàǹpàkò kò bá kúrò lójú ohun náà, ojú ọ̀tún ni ọ̀gá. Bí ó bá fò kúrò, ti òsì ni. Tèmi fò kúrò. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò, ojú òsì sì ni ọ̀gá mi! N kò lè gbé ìbọn sí èjìká òsì, nítorí apá ọ̀tún ni àwo ẹ̀tù wà, iná rẹ̀ yóò ta sí mi lójú. Bàbá fi áńkáṣíìfù di ojú òsì mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó.

Mo yin àkọ́kọ́. Gbòlà! Ìdí ìbọn gbá mi léjìká, èéfín funfun bò wá, etí mi ń dún láìka òwú tí mo kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí èéfín lọ, pákó dúró pẹ́ńpẹ́ kò ní ìfarapa kankan. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí àṣà mi. Ní 20 mítà, ọta kò lè wálẹ̀ ju ìbú ìka kan tàbí méjì lọ; a jẹ́ pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ọta. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ìbọn bá yẹ̀ ní dígírì kan ṣoṣo, ọta yóò fi bí 35 sẹ̀ǹtímítà ṣì lójú àmì. Èmi ni mo yẹ̀. Àwọn tí ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn díje ní Òlíḿpíìkì ń yin àmì tí àárín rẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ, láti 10 mítà. Ní Paris ní 2024, ará Tọ́kì kan, Yusuf Dikeç, ẹni ọdún 51, fi ọwọ́ kan sínú àpò ṣòkòtò nígbà tí ó ń fi ìbọn ìléwọ́ yìn, òun àti ìkejì rẹ̀ sì gba fàdákà. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì, mo yin ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀. Mo fa ìbọn, iná bù létí rẹ̀, fùú, ṣùgbọ́n kò dún. Bàbá ti sọ fún mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pé bí kò bá dún, kí n má mira, kí ẹnu rẹ̀ wà ní ìdojúkọ ògiri, kí n ka oókan dé ọgọ́ta. Gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí mi. Mo yípadà láti béèrè pé, "Bàbá, kí ló ṣe é?" Ìbọn sì bá mi yípadà. Ọmọ Ìwopin jókòó sórí kùkùté lápá ọ̀tún, ó ń jẹ ẹ̀pà.

N kò rí bí ọwọ́ Bàbá ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n gbá irin ìbọn mú, wọ́n tì í padà sí ògiri pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, ó sì dún lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Erùpẹ̀ pupa ya lulẹ̀. Bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ó fi wà láàrin iná àti ìró, bóyá márùn-ún; tíṣà kò ráyè wo aago.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀pà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ Ìwopin, kò jù ú sẹ́nu, kò sì jù ú nù. Bàbá kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Tíṣà, ìbọn tí kò dún kò tíì sọ̀rọ̀ tán," wọ́n sì jókòó tì mí. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àbúrò ìyá mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo ọdún tí a fi ń dárò ẹni tí ó kú nílé wa, n kò rò ó rí pé ẹni kan ni ó yin ìbọn náà, pé ó gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ délé, pé ilẹ̀ mọ́ fún un lọ́jọ́ kejì.

Mo fẹ́ lọ sílé. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní bí mo bá lọ báyìí, ẹ̀rù ni n ó gbé lọ. Wọ́n mú kí àwọn méjèèjì dúró lẹ́yìn mi, wọ́n fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní kí n ki ìbọn fúnra mi, kí n má kánjú. Mo mí sínú, mo mí jáde díẹ̀, mo dá èémí dúró, mo fà á. Ó dún. Mo dúró gbọnin, n kò yíjú, títí Bàbá fi ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Ọta bà pákó létí, ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ jìnnà sí òbìrìkítí èédú. Bàbá bu omi gbígbóná fọ inú ìbọn, nítorí ìdọ̀tí ẹ̀tù a máa jẹ irin, wọ́n fi àdín pa á, wọ́n sì fúnra wọn gbé e lọ.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò tíì dá mi lóhùn kí wọ́n tó fa aṣọ mi mọ́ imú. Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, wọn kò gbàgbé òórùn ẹ̀tù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìṣísẹ̀ mélòó ni ibi tí o dúró sí àmì náà?"

Mo ní, "25, Ìyá mi."

Wọ́n ní, "Ti àbúrò mi kò tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ náà, kí àwọn rẹ ẹ́ sómi kí ilẹ̀ tó ṣú.