Ẹrù Ọkàn Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn alábẹ̀wò láti Ofsted, àjọ tó ń yẹ ilé-ìwé wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Caversham Primary School ní ìlú Reading. Láti ọdún 2009 ni ilé-ìwé náà ti wà ní ipò tó ga jù lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n já a wá sí ipò tó rẹlẹ̀ jù lọ nítorí àléébù tí wọ́n rí nínú ètò ààbò àwọn ọmọ. Wọ́n sọ èsì náà fún Ruth Perry, ọ̀gá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà ìgbà náà ni pé kí ó wà ní bòókẹ́lẹ́ títí ìròyìn yóò fi jáde. Ọdún Kérésìmesì kọjá, ìròyìn kò tíì jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, obìnrin ẹni ọdún 53 náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ìbẹ̀wò náà wà lára ohun tó fà á, àṣẹ bòókẹ́lẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó kọ ọ́ lóminú.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tiwa ní Nàìjíríà kò mọ Ofsted, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹrù náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, pírínsípà kan lè ti pẹ̀tù sí bàbá tó fẹ́ lu tíṣà tó na ọmọ rẹ̀, ó lè ti gba kúẹ́rì lórí èsì WAEC, kí olùkọ́ méjì sì ti wá sọ fún un pé àwọn kò rí owó ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tún ojú ṣe, tí yóò jáde sí àwọn ọmọ. Ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe é là ń pè ní akíkanjú. Mo gbà pé ìyìn yẹn ń ṣe wọ́n ní jàǹbá. Gbígbé ọ̀rọ̀ mì kọ́ ni ìfaradà. Ọ̀gá tó rí ẹni sọ ọ́ fún ló ń rí okun tún dìde.

Ìwádìí wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1993, James Gross àti Robert Levenson nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi fíìmù iṣẹ́ abẹ tó ń kóni nírìíra han àwọn ènìyàn, wọ́n sì ní kí àwọn kan má jẹ́ kí ó hàn lójú wọn. Ojú wọn dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ìríra náà kò dín kù nínú wọn, ara wọn sì ń làágùn ju ti àwọn tí wọn kò dá lọ́wọ́ kọ́. Èyí tó wá yẹ kó ká ọ̀gá lára jù ni ti Emily Butler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2003: wọ́n mú obìnrin méjì-méjì tí kò mọra rí jókòó sọ̀rọ̀ lórí fíìmù tó ba ọkàn jẹ́, wọ́n sì ní kí ọ̀kan fi ohun tó ń ṣe é pamọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jókòó tì í sì tún ga sí i. Yàrá ìwádìí kì í ṣe yàrá àwọn olùkọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú wa ṣiyèméjì bí ojú dídì tí ọ̀gá dì ṣe ń fọkàn àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ balẹ̀ tó.

Ẹnìkan yóò sọ pé àgbà kì í ṣe lángbálángbá, pé bí pírínsípà bá ń sunkún ní asẹ́ńbìlì, ilé-ìwé ti dàrú. Òótọ́ ni, n kò sì ní kó sunkún níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà láti kó ara ẹni níjàánu. Nígbà tí Gross tún padà sí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1998, àwọn tó ní kí wọ́n fi ojú mìíràn wo ohun tí wọ́n ń rí kó tó wọ̀ wọ́n lára ni ìríra náà dín kù fún. Ìyá tó ń pariwo ní géètì, bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló ń ba obìnrin yìí lẹ́rù nípa ọmọ rẹ̀, ìbínú kò ní tíì gbóná tó èyí tí yóò máa wá ibi fi pamọ́ sí.

Àríyànjiyàn kejì le ju ìyẹn lọ: bí ìjọba kò bá yanjú owó oṣù àti àìtó olùkọ́, kí ni à ń kọ́ ọ̀gá ní ìfaradà fún? Wọ́n ní ẹ̀bi ìlànà là ń dì lé ènìyàn lórí. Èmi náà kórìíra irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí padà lẹ́yìn ikú Perry. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ofsted là á yé àwọn ọ̀gá pé wọ́n lè sọ èsì fún ẹbí, ẹlẹgbẹ́ àti dókítà wọn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ tó fòpin sí fífi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ilé-ìwé lẹ́jọ́. Àtúnṣe ìlànà gba àkókò gígùn. Láàárín ìgbà náà, ọ̀gá ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́.

Níhìn-ín, ẹgbẹ́ àwọn pírínsípà, ANCOPSS, ti wà nílẹ̀. Wọ́n lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé wọn, láìsí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀, láìsí aṣojú ìjọba níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí í tú inú rẹ̀ fún ẹni tó ń fún un ní máàkì. Wọ́n lè so pírínsípà tuntun mọ́ èyí tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní ohunkóhun láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àjálù bá sì já lu ilé-ìwé kan, kí ẹnìkan láti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ lọ jókòó ti ọ̀gá ibẹ̀, kí kúẹ́rì tó dé.