Kọ̀ǹpútà tí Ń Dákú Léraléra: Àyẹ̀wò Àléébù inú Ìrántí Rẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìṣòro kan tí àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà mọ̀ dáadáa, èyí ni kí ẹ̀rọ náà máa dákú léraléra láìsí ìdí kan tí ó hàn sójú. Ìjàgbó, ìlú tí ó múlé gbe Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kúwárà, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn olùtẹ̀wé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iná ìjọba kì í dúró sójú kan. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákú, fáírọ́ọ̀sì ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Alátùn-únṣe lè pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ó tún Windows kọ sí i, kí ó sì gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò tún dákú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Owó nìkan kọ́ ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń gbé lọ. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi oṣù mẹ́fà ṣe lè bá a lọ.

2.0 Bí Ìrántí Kọ̀ǹpútà ṣe ń Ṣiṣẹ́

Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí. Èkíní ni dísìkì, tí ó dà bí àká: ohun tí a kó sí i kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Èkejì ni RAM, tí ó dà bí tábìlì iṣẹ́: orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń tẹ́ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bí iná bá sì lọ, gbogbo rẹ̀ ti ṣègbé. RAM yìí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Robert Dennard, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM, ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí ìpìlẹ̀ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí ní 1968; ilé-iṣẹ́ Intel sì gbé èyí tí wọ́n pè ní 1103 sọ́jà ní 1970.

Kàpásítọ̀ tíntìntín ni ó kún inú RAM. A lè ka èyí tí iná wà nínú rẹ̀ sí 1, kí a sì ka èyí tí kò ní iná sí 0. Ṣùgbọ́n iná náà ń jò, bí omi inú kèrègbè tí ó lu. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ máa tún un bù kún ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rìndínlógún láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni jíjò náà ń yára sí i.

3.0 Ohun tí Ìyípadà Ẹyọ Kan Lè Dá Sílẹ̀

Ojú odù Ifá lè mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Ipò mẹ́jọ ni odù kọ̀ọ̀kan ní lórí ọpọ́n, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Àmì tí ó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Èyí ni ó fi jẹ́ pé odù 256 ni ó wà. Báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà náà ní ipò mẹ́jọ, ó sì lè di oríṣi 256. Ní Èjì Ogbè, ẹyọ kan ni àmì ipò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì, tí àmì ìsàlẹ̀ pátápátá lápá ọ̀tún wá di méjì, a kò lè pe ohun tí ó wà lórí ọpọ́n ní Èjì Ogbè tí ó ní àbùkù díẹ̀. Ògúndá Ogbè ni. Odù ti yàtọ̀, ẹsẹ ti yàtọ̀, ẹbọ náà sì ti yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú RAM. Lẹ́tà A ni 01000001; bí ipò kejì láti apá ọ̀tún bá yí padà, ó di 01000011, èyí tí í ṣe C. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ tí ẹ̀rọ fẹ́ tẹ̀ lé ni ó yí padà, ẹ̀rọ náà lè ṣìnà, kí ó sì dákú.

4.0 Ohun tí ó ń Fa Àléébù

Oríṣi àléébù méjì ni ó wà. Èyí tí ó jẹ́ àlejò ń yí ipò kan padà lẹ́ẹ̀kan, láìba RAM fúnra rẹ̀ jẹ́. Ní 1978, Timothy May àti Murray Woods ti Intel fi hàn pé ìtànṣán láti ara uranium àti thorium tí ó wà nínú ohun tí wọ́n fi bo RAM lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ onílé ni àbùkù inú RAM gan-an, tí ó máa ń padà wá. Ìwádìí tí Bianca Schroeder, Eduardo Pinheiro àti Wolf-Dietrich Weber ṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà Google, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, fi hàn pé ó ju 8 nínú 100 pátákó RAM lọ tí àṣìṣe ń bá láàrin ọdún kan, àti pé ó jọ pé àléébù onílé ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Yàtọ̀ sí àbùkù inú RAM, àyíká náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Eruku ọyẹ́ a máa dí fáànù, ooru a sì pọ̀. Iná tí ń lọ sókè sódò ń da ìfúnnáná ẹ̀rọ rú. Ìdọ̀tí lè jókòó sí etí RAM, kí ó má jẹ́ kí ó fi ara kan ihò rẹ̀ dáadáa.

5.0 Ìlànà Ìwádìí

Ohun àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀: ìgbà tí ẹ̀rọ dákú, iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́, àti ọ̀rọ̀ tí ó kọ sójú. Bí ó bá jẹ́ pé inú ètò kan ṣoṣo ni ó ti ń dákú, ètò náà ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń dákú níhìn-ín lónìí, lọ́hùn-ún lọ́la, tí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sì ń yí padà, ara ẹ̀rọ ni kí a yẹ̀ wò.

Ohun kejì ni kí a da iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì kọ sí ibòmíràn, kí a má sì fi èyí tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, nítorí èyí tuntun lè ti ní àṣìṣe nínú.

Ohun kẹta ni kí a gbọn eruku, kí a rí i pé fáànù ń yí, kí a sì dán ẹ̀rọ wò lórí iná tí ó dúró. Lẹ́yìn èyí, kí a pa á, kí a yọ wáyà iná àti bátìrì, kí a fi ọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan RAM. Nínú ọyẹ́, iná ara ènìyàn lè bà á jẹ́. Kí a yọ RAM, kí a nu etí rẹ̀, kí a sì tún un kì bọ ihò dáadáa.

Bí ìdákú bá ṣì ń bẹ, Memtest86, tí Chris Brady kọ́kọ́ ṣe ní 1994, ni ó kàn. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí Windows: ó ń kọ nǹkan sínú RAM, ó sì ń kà á padà láti mọ̀ bóyá ó yàtọ̀. Ó yẹ kí ó yí po lẹ́ẹ̀mélòó kan, kódà di òwúrọ̀; nítorí náà, ibi tí iná kò ti dúró, alẹ́ tí iná dájú ni kí a yàn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó ẹ̀rí pé nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí àṣìṣe, èyí kò fi hàn tán pé RAM pé. Àléébù kan lè má jáde àfi nínú ooru ọ̀sán.

Àṣìṣe tí Memtest86 rí kò tíì dá RAM lẹ́bi. Kí a dán RAM kọ̀ọ̀kan wò lóun nìkan nínú ihò kan náà, lẹ́yìn náà nínú ihò mìíràn. Bí àṣìṣe bá ń bá RAM kan rìn, RAM náà ni ó ṣàìsàn. Bí ó bá ń dúró sí ihò kan, mọ́dàbọ́ọ̀dù ni kí a yẹ̀ wò. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá pé ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì kò bá ara wọn gbé, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, tàbí pé wọ́n ń sá eré tí ó ju agbára wọn lọ.

6.0 Àléébù tí kì í Pariwo

Bí a bá wò ó dáradára, kọ̀ǹpútà tí ó dákú ti ṣe oore, nítorí ó kìlọ̀. Ní ìdìbò ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 2003, ní Schaerbeek, ní orílẹ̀-èdè Belgium, kọ̀ǹpútà fi ìbò 4,096 lé ti olùdíje kan. Ẹ̀rọ náà kò dákú. Ohun tí ó tú àṣírí ni pé iye náà kò ṣeé ṣe lábẹ́ ètò ìdìbò wọn. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí àṣìṣe nínú ètò tí wọ́n kọ fún un. Ṣùgbọ́n 4,096 ni iye ipò kẹtàlá gan-an nínú ìṣirò ẹlẹ́ẹ̀méjì. Èrò wọn ni pé ipò kan ṣoṣo ni ó yí padà fúnra rẹ̀. Ká ní ipò kìíní ni, ìbò kan ni ìbá fi yàtọ̀, ta ni ìbá sì fura?

Ìdáàbòbò wà fún èyí. Láti 1950 ni Richard Hamming ti kọ nípa ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè fi mọ àṣìṣe ara rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. RAM tí a mọ̀ sí ECC sábà máa ń fi ipò 8 ṣọ́ ipò 64: ó ń tún ẹyọ kan tí ó yí padà ṣe, ó sì ń kígbe bí ó bá jẹ́ méjì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń rà fún ìlò ilé ni kò ní in.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé ìdákú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àrùn, àmì àrùn ni. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, kí a tó pa ohun inú dísìkì rẹ́, kí a tó sì náwó. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí a bá ti ń pa àkọsílẹ̀ owó, máàkì ìdánwò tàbí ìbò mọ́, kò yẹ kí a gbára lé ẹ̀rọ tí kò lè mọ̀ nígbà tí ó bá ṣìrántí.