ỌMỌ: Ọ̀RỌ̀ KAN LẸ́NU ÈDÈ PÚPỌ̀

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni 'ọmọ', ṣùgbọ́n ẹrù tí ó gbé kò kéré. Ní Òmù-Àrán àti ní Èsìẹ́, ẹni àádọ́rin ọdún ṣì jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀. Ìran ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. 'Ọmọdé' ni ó ń sọ ti ọjọ́ orí. Ohun kékeré tí ó bá ohun ńlá rìn náà ń jẹ́ ọmọ: ọmọ odó, ọmọ ọlọ, ọmọ ìka. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà lábẹ́ ọ̀gá tàbí tí ó jẹ́ ti ìlú kan: ọmọ ogun, ọmọ ẹ̀yìn, ọmọ ìlú.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá? Tápà ni aládùúgbò Ìgbómìnà ní ìhà àríwá, síbẹ̀ 'egi' ni Tápà ń pe ọmọ. Àwọn Ígálà tí ó wà ní Ídà, ní òdì kejì odò Ọya, 'ọma' ni wọ́n ń wí. 'Ọma' náà ni ti Ìṣẹ̀kírì ní agbègbè Wárì. Orúkọ wọn 'Omatsola' sọ pé ọmọ ni ọlà. Ìlàjẹ, tí í ṣe Yorùbá gan-an, ń wí 'ọma' pẹ̀lú. Nítorí náà, àdúgbò kì í ṣe ìbátan.

Ẹ̀dó ń wí 'ọmọ'. 'Omosigho' túmọ̀ sí pé ọmọ ju owó lọ. Ìgbò ń pe àwọn ọmọ ní 'ụmụ'. Ṣùgbọ́n 'omi' kan náà ni Yorùbá, Ígálà àti Ìṣẹ̀kírì ń mu, nígbà tí Ẹ̀dó ń pè é ní 'amẹ'. Èyí fi hàn pé Ígálà àti Ìṣẹ̀kírì súnmọ́ Yorùbá ju Ẹ̀dó lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìjọra ni ẹ̀rí. 'Ọba' ni ọmọ lẹ́nu àwọn Akan ní Ghana. Kò sọ ọ́ di ọba ti Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi wéra kí a tó dájọ́.

Olùkọ́ tí ó bá tún 'ọma' akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sí 'ọmọ' nínú àròkọ ń ṣọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní èdè ará oko, ó ti fi ẹ̀rí ìran ṣe ẹlẹ́yà. Bákan náà ni ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà: ọmọ tí ojú ń tì láti sọ ọ́ lónìí kò ní rí i fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.