Ìyípadà Máàkì Láti Òṣùwọ̀n Kan sí Òmíràn

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ fi èsì ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ìpele mẹ́sàn-án ni Wáẹ́ẹ̀kì ní, láti A1 dé F9. Ìwé-ẹ̀rí Wáẹ́ẹ̀kì kì í fi iye máàkì hàn. Ìpele nìkan ni ó ń fi hàn. Inú ìwé èsì ti ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni ìṣòro wà. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Nàìjíríà ń tẹ̀lé, 75 nínú 100 ni A1 ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, 90 ni A, tí í gba 4, ti ń bẹ̀rẹ̀. 75 kò ju C lọ, èyí tí í gba 2.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ẹni tí ó bá fi iye máàkì nìkan ṣírò yóò sọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ta yọ di alábọ́dé, ìyẹn sì lè gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò ọjà kejì. Ìtumọ̀ máàkì ni kí a yí padà, kì í ṣe iye rẹ̀. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dá ìṣirò yìí ṣe. Kí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi èsì náà ránṣẹ́ bí ó ti rí, kí wọ́n sì kọ àlàyé òṣùwọ̀n wa mọ́ ọn.