Àwìn, oníbàárà kan ṣoṣo àti dọ́là: Ohun tó ń ṣe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn lè ṣe ṣọ́ọ̀bù tiyín náà

Bí ẹ bá gba ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ ìwé ìròyìn kọjá láàárọ̀, ì báà jẹ́ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀jọ́ta l'Ékòó, ẹ ó rí i pé èrò kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹnì kan ń ka àkọlé, ẹnì kejì ń bá a jiyàn lórí ohun tí gómìnà sọ, ẹnì kẹta ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bíi pé òun gan-an ni kóòṣì. Àmọ́ ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ ka iye ẹni tó ti ọwọ́ bọ àpò. Wọn kì í pọ̀. Àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ló pọ̀ jù, débi pé àwọn èèyàn ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti ní ẹgbẹ́. Láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti dé, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà ti kó lọ sórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n kí oníṣòwò má rẹ́rìn-ín lásán. Ojoojúmọ́ làwa akọ̀ròyìn ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú òwò àwọn ẹlòmíràn. Lónìí, ẹ jẹ́ ká ṣí aṣọ lójú eégún tiwa. Kòtò mẹ́ta ló wà lọ́nà ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kò sì sí èyí tí kò sí lọ́nà alásọ, onílé oúnjẹ tàbí oníbúrẹ́dì.

Àwìn: ọjà ti lọ, owó ò dé

Àwìn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ìtàn náà gbajúmọ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ di ìwé odidi lọ́dún 1930. Síbẹ̀, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá ayé ìgbà náà a máa bẹ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wá san gbèsè tí wọ́n jẹ. Ọjà ń tà, òkìkí ń kàn, àpò sì ṣófo.

Títí dòní, báyìí náà ló rí. Ìdájí ni ìwé ìròyìn ń jáde. Àwọn tó ń tà á yóò kó o lọ, ohun tí wọ́n bá tà ni wọn yóò sanwó rẹ̀, wọn yóò sì dá ìyókù padà. Ìwé ìròyìn àná kò ní oníbàárà mọ́, àfi alákàrà àti ẹlẹ́pà. Bébà, yíǹkì, epo dísù àti owó ọkọ̀ tó bá èyí tí kò tà lọ, ó lọ nìyẹn.

Èyí tó tún wúwo jù ni gbèsè ìpolówó ọjà. Ó ti pẹ́ tí NPAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìpolówó wá fà á, pé wọn kì í tètè sanwó. Nínú ìwé ìṣirò, ilé iṣẹ́ lówó. Nígbà tí oṣù bá parí, kò rí owó san fún òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹ bá ta ọjà ₦100,000 láwìn, tí èrè yín níbẹ̀ jẹ́ ₦10,000, tí ẹni náà sì sá lọ, ₦90,000 ojú owó yín ló bá a lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kí gbogbo wọn sì sanwó, kẹ́ ẹ tó padà síbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kò tíì jèrè kọ́bọ̀ o.

Oníbàárà kan ṣoṣo

Owó tí òǹkàwé ń san kì í sábà kájú ìnáwó ìwé ìròyìn, ìpolówó ló ń dí àlàfo rẹ̀. Níbi tó bá sì jẹ́ pé ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń gbé ìpolówó tó pọ̀ jù wá, ọ̀rọ̀ di kí olóòtú máa wojú ẹni yẹn kó tó kọ̀wé. Ẹni tó ń bọ́ni ló ń pàṣẹ fúnni.

Ẹ wo Daily Times, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1926. Nígbà tó fi máa di 1975, ó ń ta nǹkan bí 275,000 ẹ̀dà lójúmọ́. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ gba ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀. Lọ́dún 2004, wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ Folio. Nígbà náà, òkìkí àtijọ́ ti lọ. Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló fà á, torí The Guardian ti dé lọ́dún 1983, Vanguard sì dé lọ́dún 1984. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ni òǹkàwé ń rà. Tó bá ti rò pé ẹnu ìjọba ni ìwé ìròyìn kan fi ń sọ̀rọ̀, yóò ya sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ wá fi wé Punch. Ìjọba Abacha tì í pa lọ́dún 1994, ó lé lọ́dún kan tí kò fi jáde. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1995, àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Oníbàárà kéékèèké tó pọ̀ ló ń gbé òwò dúró nígbà ìṣòro.

Dọ́là ló ń pinnu

Lọ́dún 1986, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà ìwé ìròyìn sí Oku-Iboku, ní ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Akwa Ibom lónìí. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí iṣẹ́ fi dákẹ́ níbẹ̀. Látìgbà náà, òkè òkun la ti ń ra bébà. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí kò tó ₦500 lójú ìjọba kọjá ₦1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì mọ ohun tí à ń sọ, torí òkè òkun ni àlìkámà rẹ̀ náà ti ń wá.

Kí ni ṣíṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ fi òdiwọ̀n sí àwìn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ, iye owó àti ọjọ́ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá tíì san ti àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní ìkejì. Ìkejì, bí oníbàárà kan bá ti ń kó ìdajì ọjà yín, ẹ tètè wá òmíràn kún un, ọjọ́ tó bá bínú lẹ máa mọ̀ pé ọ̀gá lẹ gbà. Ìkẹta, ẹ máa bu díẹ̀ nínú èrè sínú ọjà tí owó rẹ̀ ń lọ sókè, kẹ́ ẹ má náwó tán nígbà tó dẹrùn.

Kí ẹni tó ti ṣubú rí má sọ̀rètí nù. Aláròyé kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1985, kò dúró. Ọdún 1996 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá láàárín ìgbà méjèèjì.

Tó bá jẹ́ pé lórí ìdúró, níbi tí wọ́n pàtẹ sí, lẹ ti ka ọ̀rọ̀ yìí parí, a dúpẹ́ o. Àmọ́ lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ra tiyín.