Òpó Iná Nínú Àgbàlá Wa

Ẹ̀yin onílé Àgùdà, bí a bá fẹ́ ri òpó iná sí àgbàlá yín, ǹjẹ́ ẹ lè kọ̀? Wáyà ńlá tí ó wọ ibùdó iná Akangba ní Súrùlérè kò sáà lè fò kọjá láìtẹ ilẹ̀. Abala 44 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà kí òfin fi àyè sílẹ̀ láti ri òpó tàbí páìpù sí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni fún ànfààní ìlú. Ṣùgbọ́n bí ilé, igi eléso tàbí ohun ọ̀gbìn bá ti ipa bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, a ní láti san owó gbà-má-bínú kíákíá. Kíákíá ni òfin wí! Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ tó dé, ẹ ka igi àgbọn yín, kí ẹ sì kọ bí ògiri ti rí sínú ìwé.